Epo Kò Pa Oró Kẹ́ẹ̀gì

Àṣìkẹ́ kì í gba ọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ajílété, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti tán tí ọ̀nà pupa ti bẹ̀rẹ̀, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé ta ló rán ọ. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Ó ga, ó gbẹ, apá rẹ̀ le bí ọmọ odó. Láti kékeré ló ti ń fún epo. Ìyá rẹ̀ fún epo títí ó fi kú. Òun náà ń fún un lọ, kò sì sí ẹni tí epo rẹ̀ dára tó tirẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé Ìlaró. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́.

Nígbà ayé ìyá rẹ̀, garawa páànù ni wọ́n ń rọ epo sí. Wọ́n á sè é tán, wọ́n á jẹ́ kó sùn nínú ìkòkò, ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n tó rọ ọ́. Garawa wọ́n, ó ń dípẹtà, ó ń jò. Ìgbà tó yá ni kẹ́ẹ̀gì ike dé. Àwọn tó ń ti ọ̀nà Ìpókíà bọ̀ ń pè é ní bídọ́ọ̀nù, ohun kan náà ni. Kò wúwo. Kì í dípẹtà. Bó bá já bọ́ lórí ọ̀kadà, kì í fọ́. Ọlọ́jà Èkó kì í sì í dúró de epo kó tutù mọ́, ọkọ̀ rẹ̀ ti ń fọn fèrè lójú ọ̀nà, nítorí náà gbígbóná ni wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike, ike á rọ̀, á yọ ikùn bí aláboyún. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí kẹ́ẹ̀gì ti wá. Ohun tó bá rọrùn, ènìyàn kì í bi í ní orúkọ baba rẹ̀.

Bàrúwà ló ń kó kẹ́ẹ̀gì wá fún wọn. Yóò so wọ́n mọ́ ọ̀kadà rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, débi pé ẹni tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán á rò pé òkìtì kẹ́ẹ̀gì ló ń dá rìn bọ̀. Oríṣi méjì ló ń tà. Ọ̀kan ti gba òróró rí, ó wọ́n. Èkejì, oko ló ti ń ṣà á, lápá Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀wà àti òwú. Àgbẹ̀ á fi oògùn kòkòrò tàbí oògùn koríko wọ́n oko tán, á ju kẹ́ẹ̀gì sí etí ebè. Bàrúwà á ṣà á, á fi omi odò ṣàn án, á fi ọ̀bẹ ha ìwé ara rẹ̀ kúrò. Ó pọ́ọ́kú. Ti oko yìí ni àwọn obìnrin máa ń rà.

Wọ́n mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ pé wọn kò mọ̀. Bí wọ́n bá ṣí ọmọrí rẹ̀, òórùn ibẹ̀ máa ń ta wọ́n nímú. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni, Àṣìkẹ́ ló sì mú ọ̀nà náà wá.

Ẹkù ni ibi tí gbogbo obìnrin abúlé náà ti ń fún epo pọ̀, lábẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Wọ́n á fi iyanrìn àti ọṣẹ fọ inú kẹ́ẹ̀gì oko. Òórùn á ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á wá bu epo gbígbóná agolo mílíìkì kan sí i, wọ́n á dé e, wọ́n á mì í títí apá á fi ro wọ́n, wọ́n á da epo yẹn nù. Ó parí. Epo ti pa oró ibẹ̀.

Ta ni kò mọ̀ pé epo ń pa oró? Bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé tí kò dára, epo ni wọ́n ń rọ sí i lọ́fun. Bí ènìyàn bá gbé májèlé mì, kí wọ́n tó ké sí ará ilé kejì, epo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bá a láyé nìyẹn. Àṣìkẹ́ jókòó lọ́jọ́ kan, ó rò ó. Bí epo bá lè pa oró nínú ikùn ènìyàn alààyè, kí wá ni òfìfo kẹ́ẹ̀gì? Ó sọ ọ́ fún wọn ní ẹkù. Wọ́n ní orí rẹ̀ pé. Qúdrát, tó jẹ́ olórí ẹkù, ní bí ọkùnrin bá ní irú ọgbọ́n yẹn, wọn ì bá ti fi í jẹ baálẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹkù, ọ̀dọ̀ Àṣìkẹ́ ni wọ́n máa ń ní kó lọ kọ́ kẹ́ẹ̀gì mímì.

Lẹ́yìn ẹkù, níbi tí wọ́n ń da epo àkọ́mì yẹn sí, koríko kì í hù. Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí ojú egbò. Wọ́n ń rí i lójoojúmọ́. Wọ́n ní epo ló pa koríko.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti Ìlaró. Túnbọ̀sún lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera ni. Ó kó àwọn obìnrin jọ sábẹ́ igi káṣú, ó yọ ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní oúnjẹ gbígbóná tí a bá rọ sínú ike máa ń fa nǹkan jáde lára ike náà, ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní kú lónìí, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bá a jà nínú ara. Ó pe orúkọ àwọn kẹ́míkà kan tí ahọ́n òun fúnra rẹ̀ ń fi kọsẹ̀. Oorun ń kun àwọn obìnrin. Ó wá dé orí kẹ́ẹ̀gì oko. Ó ní èyí tó bá ti gba oògùn kòkòrò rí, kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ mọ́ láéláé, kò sí fífọ̀ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́, ṣe ni kí wọ́n lu ú ní ihò kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó.

Ibẹ̀ ni Àṣìkẹ́ ti dìde. Ó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ọmọbìnrin náà ní òun jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

"Kẹ́ẹ̀gì tí mo jókòó lé yìí jù ọ́ lọ," Àṣìkẹ́ wí. Ẹkù rẹ́rìn-ín. "Epo ni oògùn oró, ọmọ mi. Ìwọ wá ń sọ fún wa pé oró ló borí epo. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dorí ọ̀rọ̀ kodò ní ilé ìwé yín?"

Túnbọ̀sún fẹ́ fèsì. Ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ó ká ìwé rẹ̀. Nígbà tó ń gun ọ̀kadà, Àṣìkẹ́ gbé ìgò epo kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó fi se ọbẹ̀ bó bá délé, bóyá yóò gbọ́n. Ọmọ náà gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ẹkù fún oṣù kan gbáko.

Àṣìkẹ́ ní ọmọ kan ṣoṣo, Dinah, tó ń ránṣọ ní Ayétòrò. Dinah náà ní ọmọ kan ṣoṣo, Ìdùnnúolúwa, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ Àṣìkẹ́ ni ọmọ náà ń gbé, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè. Ìdùnnú kì í bẹ̀rù ìyá àgbà rẹ̀. Nínú gbogbo abúlé, òun nìkan ni kì í bẹ̀rù rẹ̀. Òun nìkan ló lè ní, "Màmá, ariwo yín pọ̀," kí Àṣìkẹ́ sì dákẹ́.

Oṣù kẹta ọdún yìí, ẹyìn pọ̀. Bàrúwà kó kẹ́ẹ̀gì oko márùn-ún wá fún Àṣìkẹ́. Ìwé ara ọ̀kan kò tíì bọ́ tán. Ọlọ́jà Èkó ti wà lójú ọ̀nà, ó ń kánjú. Àṣìkẹ́ fi ọ̀bẹ ha ìyókù ìwé náà kúrò, ó fi ọṣẹ ṣàn án, ó bu epo sí i, ó mì í. Ẹ̀ẹ̀kan ló mì í. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń mì í. Nígbà tó rọ epo sí i tán, wọ́n rí i pé ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà ya, epo ń sun níbẹ̀. Ọlọ́jà ní òun kò gbé èyí. Ó kó mẹ́rin lọ. Ọ̀kan náà wá di ti ilé.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Ìdùnnú jí pẹ̀lú ikọ́. Ikọ́ lásán ni. Àṣìkẹ́ bu epo síbí kan láti inú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu-yíya, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó fún ọmọ. Bí wọ́n ṣe fún òun náà nígbà tó wà lọ́mọdé nìyẹn. Ó lọ sídìí ẹyìn rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ tí ọmọ ń bì. Ó padà. Òógùn ti bo ọmọ náà bí ẹni tó ti inú odò jáde, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó di ikùn mú. Àṣìkẹ́ wo àyíká. Kò rí ewé kan, kò rí èso kan lọ́wọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń wò. Ọmọ ti jẹ oró. Níbo ló ti rí i? Kò ráyè béèrè. Ó sáré bu epo síbí méjì, ó fi ọwọ́ ya ẹnu ọmọ, ó rọ ọ́ sí i lọ́fun. Ọmọ náà ń jà. Ó dì í mú títí ó fi gbé e mì.

Ó burú sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àṣìkẹ́ tún fún un.

Husain ọlọ́kadà ló gbé wọn. Kí wọ́n tó kúrò nílé, Àṣìkẹ́ rọ epo sínú ìgò ike kékeré kan, ó fi í há abíyá. Wọ́n kọjá Ajílété, ọmọ náà ń rọ sí i lọ́rùn bí aṣọ tútù, Àṣìkẹ́ ní kí Husain dúró, ó ṣí ìgò, ó tún rọ epo sí i lẹ́nu. Husain ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, pé ta ni yóò kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pa oró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn. Ó kà á lẹ́yìn náà. Ó kà á lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọsibítù kan ní Ìlaró ni wọ́n já sí. Ẹni tó sáré jáde wá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Túnbọ̀sún.

Àwọn méjèèjì dá ara wọn mọ̀. Túnbọ̀sún tẹ́ ọmọ, ó ya ojú rẹ̀, ó tan iná sí i. Ọmọlójú ọmọ náà ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ó ké sí dókítà. Dókítà dé, ó wò ó, ó ní oògùn kòkòrò ni èyí jọ, kí wọ́n sọ fún òun ní kíákíá ohun tí ọmọ yìí jẹ.

Àṣìkẹ́ ní kò jẹ nǹkan kan. Epo nìkan ni òun fún un.

Túnbọ̀sún na ọwọ́ gba ìgò náà. Ó ṣí i. Ó fi imú kan án. Ó wo Àṣìkẹ́.

"Màmá, inú kẹ́ẹ̀gì wo ni epo yìí ti wá?"

Inú bí Àṣìkẹ́. Ó ní epo òun ni, epo tí gbogbo Ìlaró ń jẹ, kí wọ́n tọ́jú ọmọ òun kí wọ́n yé bi òun ní ìbéèrè ọlọ́pàá. Dókítà ní bí òun bá mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, òun yóò mọ bí òun yóò ṣe lọ. Bí òun kò bá mọ̀, òun yóò máa wá a kiri, ọmọ yìí kò sì ní àyè yẹn. Ta ló ta kẹ́ẹ̀gì fún un? Kí wọ́n pè é.

Wọ́n pe Bàrúwà. Túnbọ̀sún gbé ohùn fóònù náà síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Nígbà tí Bàrúwà gbọ́ pé ọsibítù ni, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Màmá, òróró ni gbogbo kẹ́ẹ̀gì yẹn gbà rí o," ó ní. "Òróró ìdáná. Mo fi Ọlọ́run búra."

Àwọn ènìyàn kún ẹnu ọ̀nà. Obìnrin méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń ra epo Àṣìkẹ́. Gbogbo wọn ń wò ó. Irọ́ tí Bàrúwà pa yìí rọrùn. Ó bo òun Bàrúwà, ó bo Àṣìkẹ́, ó bo gbogbo ẹkù. Kí ó kàn mi orí ni. Lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ ọmọ náà ń já pàtìpàtì bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúḿbú.

"Irọ́ ló ń pa," Àṣìkẹ́ wí. "Oògùn kòkòrò ẹ̀wà ni. Àwòrán kòkòrò wà lára ìwé rẹ̀, agbárí òkú wà níbẹ̀ pẹ̀lú egungun méjì. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ ha á kúrò."

Dókítà ti yí padà, ó ń béèrè abẹ́rẹ́. Túnbọ̀sún dúró díẹ̀.

"Ẹ rí agbárí òkú, Màmá, ẹ tún rọ epo sí i?"

"Mo rí i. Mo mì í."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta láti ọ̀sán títí oòrùn fi rọ̀. Ó ń retí kí Túnbọ̀sún jáde wá fi í ṣẹ̀sín. Ó ti pèsè ohun tí yóò fi fèsì. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde, ó ní wọ́n ti rí ọmọ náà mú, wọn kò tíì lè sọ púpọ̀, kí wọ́n máa gbàdúrà. Ó bi í bóyá ó ti jẹun. Àìfiniṣẹ̀sín yẹn dun Àṣìkẹ́ ju ẹ̀sín lọ. Ó ní kí ó sọ ọ́, ohun tó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀, kó sọ ọ́.

Túnbọ̀sún jókòó tì í.

"Bí ẹ bá da iyọ̀ sínú omi, Màmá, tí ẹ kò rí iyọ̀ mọ́, ṣé omi ti pa iyọ̀ ni? Inú omi náà ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe mú oró kẹ́ẹ̀gì yẹn. Kò pa á. Ó gbé e dání ni. Síbí tí ẹ tún ń fún un, òun ni ó ń gbé e wọlé."

Àṣìkẹ́ gbọ́ ọ. Ó yé e ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí nǹkan ṣe máa ń yé ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ da iyọ̀ sómi. Inú wá bí i.

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ báyìí lábẹ́ igi káṣú? O ń pe orúkọ oyìnbó lé wa lórí. Iyọ̀ àti omi, ta ni kò mọ ìyẹn?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ débẹ̀, Màmá."

Òótọ́ ni.

Ọmọ náà yè. Ọjọ́ kẹta ló tó mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Dinah ti dé láti Ayétòrò, òwú ìránṣọ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Kò pariwo. Ohùn ìyá rẹ̀ ló máa ń pariwo, tirẹ̀ kì í ròkè. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń fi ọwọ́ gbo ẹsẹ̀ ọmọ, ó ní, láìbojú wẹ̀yìn:

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin, Màmá. Ó ń jà, ẹ dì í mú."

Àṣìkẹ́ ní òun rò pé òun ń gbà á là ni.

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa á, mo lè ṣọ́ ọ. Ẹni tó rò pé òun ń gbà á là ńkọ́?"

Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ayétòrò. Àṣìkẹ́ nìkan ló padà sílé.

Kò wọlé. Ẹkù ló gbà lọ tààrà. Ọjọ́ ìfúnpo ni, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi fóònù pe ọlọ́jà Èkó níwájú wọn, ó ní kó dá kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin òun padà. Ọlọ́jà ní òun ti tà á tán. Fún ta ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Àṣìkẹ́ mọ bí Èkó ṣe tó ni. Ta ló jẹ ẹ́? Ọmọ ta? Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Ṣé mẹ́rin yẹn nìkan ni? Ogún ọdún ni wọ́n ti ń rọ ọ́ lọ. Àwọn tí kò bì, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbọ̀n, tó kàn ń rẹ̀ wọ́n, tó kàn ń dùn wọ́n níkùn ní ìdákúrekú, kí ni wọ́n pe tiwọn? Wọ́n pè é ní ibà. Wọ́n pè é ní ayé.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí dé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó mì í, ó ní kí wọ́n kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì oko wọn jáde.

Kò sí ẹni tó dìde. Qúdrát fi àpò ìyẹ̀fun nu ọwọ́, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọ́n bá a yọ̀ pé ọmọ yè. Ó ní ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ni, òun náà sì sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lòun mì í. Bí ó bá mì í ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ta ló mọ̀? Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé Ìlaró, ta ni yóò ra epo abúlé yìí mọ́?

"Ẹ jẹ́ ká panu mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Qúdrát. O ní kí wọ́n fi mí jẹ baálẹ̀ nítorí rẹ̀."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni Bàrúwà ti dé, òkìtì kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kún ojú ọ̀nà. Nígbà tó rí Àṣìkẹ́, ó fẹ́ yí ọ̀kadà padà. Ẹrù kò jẹ́. Àdá tí wọ́n fi ń bẹ́ ìdì ẹyìn wà nílẹ̀. Àṣìkẹ́ mú un, ó kọjú sí kẹ́ẹ̀gì. Ó ṣá ti iwájú, ó ṣá ti ẹ̀yìn. Ike kò ké, pọ̀ọ́pọ̀ọ́ ló ń dún, òórùn oògùn ń jáde níbẹ̀, gbogbo ẹkù ń gbọ́ ọ. Bàrúwà fò bọ́ sílẹ̀. Kò lè gbá àgbàlagbà mú, ó ń yí ọ̀kadà po, ó ń pariwo pé Màmá ti ya wèrè.

"O búra fún dókítà!" Àṣìkẹ́ wí. "Ọmọ ń kú lọ, o búra!"

Bàrúwà dúró. Òun náà ti bínú dé góńgó.

"Mo búra. Mo purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni mo ní kí ẹ mì í? Ike lèmi ń tà. Mo ní ti òróró, mo ní ti oko, mo fi méjèèjì hàn yín. Ẹ̀yin lẹ ní epo ń pa á. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Ẹ tún fẹ́ fi àdá yẹn ṣá ara yín?"

Àwọn kan wo ilẹ̀. Àṣìkẹ́ mú àdá dání, kò ṣá nǹkan kan mọ́. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí kì í ṣe òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ní kó mì í báyìí, kó mì í títí apá yóò fi ro ó.

"Nígbà tí mo sọ èyí tí kò dára fún yín," ó ní, "ẹ gbọ́, ẹ ò béèrè. Mo sọ èyí tó dára lónìí, ẹ ń béèrè iye ìgbà tí mo mì í."

Qúdrát padà sídìí iná. Ẹnì kan bu epo sínú agolo mílíìkì, ó ń wá ojú Àṣìkẹ́ láti mọ̀ bóyá ó rí òun.

Ó rí i. Ó jáde.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu-yíya rẹ̀, ó gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì oko yòókù tó wà nílé, ó gbẹ́ kòtò tó jìn lókè ilé, jìnnà sí odò, ó da epo sí i, ó ṣá kẹ́ẹ̀gì sí i, ó bò ó. Láti ọjọ́ náà, ilé dé ilé ló ń lọ. Ó ń sọ ti iyọ̀ àti omi. Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ fún wọn pé bí ọmọ bá jẹ oró, kí wọ́n má fún un ní epo, kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù kí wọ́n sì mú ohun tó jẹ dání. Àwọn kan ń gbọ́. Àwọn kan ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ó gbọ́n, wọ́n ń sọ báyìí pé ìbànújẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló da orí rẹ̀ rú.

Ọ̀sẹ̀ tó lọ, ó dé ọ̀dọ̀ Rodiat. Rodiat ni ó kéré jù ní ẹkù, ó lóyún oṣù méje. Kò tíì pé ọdún kan tí Àṣìkẹ́ kọ́ ọ ní kẹ́ẹ̀gì mímì. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti omi dé òpin, ó ní Màmá ti sọ òótọ́. Ó wọ ilé lọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó tún dúpẹ́.

Àṣìkẹ́ ṣá a. Lẹ́yìn náà ló fa àga ìdáná Rodiat mọ́ra, ó gbé e sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó.

"Mẹ́ta lo rà," ó ní. "Mo wà níbẹ̀. Lọ gbé méjì yòókù."

Rodiat ní kò sí mọ́, Màmá, òun ti fi wọ́n tọrẹ.

"Mo gbọ́," Àṣìkẹ́ wí. Kò dìde.